Ẹni Tó Délé Ló Bí Wa

St. George, Staten Island,
New York.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, 2024.

Màmá mi àtàtà,

Ẹ kúulé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ò dùn yín mọ́? Mo kúnlẹ̀ kí mo tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, Mọ́mì lè jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n mo ti dìde báyìí torí pé ilẹ̀ ilé wa tutù ju ti Ìrágbìjí lọ.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Dádì ti gba fóònù mi. Wọ́n gba gémù mi náà, wọ́n tì í mọ́ búùtù ọkọ̀ wọn, wọ́n sì ń gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wọ fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi, lọ síbi iṣẹ́ ní Manhattan lójoojúmọ́. Wọ́n ní tí ọwọ́ bá ń yún mi, kí n fi kọ lẹ́tà sí ìyá àwọn, ní Yorùbá, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Mọ́mì á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Ìníọlá tó ń gbé lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi kí Ìníọlá. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí o, kì í ṣe òun.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kò pọ̀ rárá. Ìṣirò ni. Mo gba márùndínlọ́gọ́ta, wọ́n sì ní ẹni tí kò bá gba márùndínláàádọ́rin kò yege. Ẹ̀bi gémù kọ́, Màmá. Gémù yẹn gan-an, ìṣirò ló kún inú rẹ̀! Ọjọ́ tí Dádì gbà á, mo pa èèyàn mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni èmi kú. Ṣé ẹni tí kò mọ ìṣirò lè ṣe irú ẹ̀? Báyìí, wọ́n máa ti ilé ìwé ní ìparí oṣù yìí, ooru á mú, àwọn ẹgbẹ́ mi á lọ máa lúwẹ̀ẹ́ ní etí òkun, èmi á sì jókòó sí kíláàsì ìṣirò ní àárọ̀ títí di oṣù Kẹjọ.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí wọn ò gbà lọ́wọ́ mi: bésíbọ́ọ̀lù! Èmi nìkan ni obìnrin nínú ẹgbẹ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan sí ọ, ìwọ á fi kóńdó gbá a. Tí o bá ti gbá a, kí o máa sáré nìyẹn. O máa fẹsẹ̀ kan ibùdó mẹ́ta yí pápá ká, wàá wá padà síbi tí o ti gbéra. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ilé. Ẹni tó bá délé ló gba àmì ayò fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Màmá, n kò tíì délé rí. Láti oṣù Kẹrin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, rárá. Èmi ni mo lè sáré jù nínú wọn, ṣùgbọ́n bí mo bá ti di kóńdó yẹn mú báyìí, gbogbo ara mi á gan.

Ìdí tí mo fi fẹ́ bẹ̀ yín nìyí. Bí èèyàn bá fẹ́ wọ pápá lọ gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lu orin tó bá fẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ara rẹ̀ lè yá gágá. Yunior ọ̀rẹ́ mi ní orin tirẹ̀. Èmi kò fẹ́ orin. Oríkì ni mo fẹ́, kó sì jẹ́ ohùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kì mí sínú fóònù Ìníọlá, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Brian, kóòṣì wa, ní tó bá jù bẹ́ẹ̀, òun á gé e.

Èmi ni ọmọ yín,
Àrìnpé.


Òkè-Ọjà, Ìrágbìjí.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, 2024.

Àrìnpé ọmọ Kúnmi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Ìníọlá lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, mo wọ gíláàsì mi, mo kà á tán, mo sì mú bírò pupa. Ìwọ náà á rí i nínú fọ́tò pé ojú ìwé rẹ pọ́n bí ata. Tíṣà kì í fẹ̀yìn tì.

Orúnkún mi wà níbẹ̀, ó ń ṣe bó ṣe ń ṣe.

Mo ní ẹjọ́ tí mo fẹ́ bá ọ ṣe. O ní o kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ṣé ohun tí ọmọ ń fi ẹnu ara rẹ̀ pè nìyẹn? Tí nǹkan bá tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọ nínú gémù, ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn ni? Àgbà sùn, ọba wàjà. Yorùbá kò tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí ọmọ mi lè máa kú káàkiri Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ kejì: ta ni Brian? Ọkùnrin tó ń kọ́ ọ ní eré lo ń pe orúkọ rẹ̀ lásán bí ẹni ń pe ajá? Fi Bọ̀dá síwájú rẹ̀.

Eré yín náà ò tíì yé mi. Wọ́n ní èèyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ẹ̀yin wá ń sá kúrò nílé, ẹ tún ń sá padà wá sílé, mo wo ìwájú, mo wo ẹ̀yìn, n kò rí ejò kankan.

Ti oríkì ńkọ́? Oríkì ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá? Ìyẹn kì í ṣe oríkì, Àrìnpé, sísín ni. Nígbà tí mo ṣe ìyàwó wá sí ilé yín, ìyá ọkọ mi ló jókòó tì mí lójoojúmọ́ tó ń kọ́ mi ní oríkì ilé náà, títí mo fi lóyún bàbá rẹ, a kò kọ́ ọ tán. Èwo ni kí n gé sọnù? Ṣé bàbá tó tẹ ibẹ̀ dó ni, àbí ìyá tó bí ìbejì lẹ́ẹ̀mejì? Kò ṣeé ṣe.

Ṣùgbọ́n n kò bínú rárá, nítorí ohun tí bàbá rẹ sọ fún mi lórí fóònù. Ó ní ìwọ fúnra rẹ lo ní o fẹ́ wá máa gbé lọ́dọ̀ mi láti oṣù Kẹsàn-án, kí o wá ka ìwé rẹ níbí, kí o mọ ilé baba rẹ. Àrìnpé! Ṣe ni mo jókòó. Mo ti ní kí wọ́n kun yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní àwọ̀ ewé. Mo ti ra kọ́tìnnì olódòdó. Káfíńtà ti ń kan bẹ́ẹ̀dì. Láti ọjọ́ tí bàbá àgbà rẹ ti sùn, n kò rí ẹni bá tàkúrọ̀sọ nínú ilé yìí mọ́ àfi Ìníọlá, Ìníọlá sì ti fi ohun èlò kékeré dí etí rẹ̀ méjèèjì. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ìyá rẹ àgbà,
Susan Adéoyè (Ìyáàfin).


St. George.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹfà, 2024.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ bírò pupa. Mo ti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ṣì náà lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọwọ́ sì ń ro mí.

Mo ti ṣe àtúnṣe o! Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ọjọ́ Wẹsidé, Dádì wá dá gémù padà fún wákàtí kan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn, mo sì fi ọ̀rọ̀ yín kọ́ Yunior. A kì í kú mọ́. Gbogbo wa là ń wàjà. Yunior á kàn máa pariwo nínú ẹ̀rọ pé, "Mo waja! Mo waja!" láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé pápá báyìí, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù tì, wọ́n á ní ó ti wàjà. Mo mọ̀ pé ọba nìkan ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, Màmá, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi.

Mo pe Brian ní Bọ̀dá Brian. Ó bi mí pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ohun tí à ń pe àgbà ni. Inú bí i! Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lòun, ó lọ ń wo irun orí ara rẹ̀ nínú gíláàsì ọkọ̀. Mo ti padà sí Brian.

Ẹ dákun, ẹ ro ọ̀rọ̀ oríkì yẹn wò lẹ́ẹ̀kejì. Ìdíje wa máa wáyé ní ogúnjọ́ oṣù Keje. Gbogbo ẹbí àwọn ọmọ yòókù máa ń wá pariwo orúkọ wọn. Mọ́mì àti Dádì máa ń wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Sátidé, kò sí ẹni tó ń pariwo tèmi.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Màmá, èmi kọ́ ni mo ní mo fẹ́ wá. Dádì ló sọ ọ́. Wọ́n ní bí n kò bá yege nínú ìṣirò lóṣù Kẹjọ, Ìrágbìjí ni ìyà mi. Wọ́n ní níbẹ̀ kò sí gémù, kò sí bésíbọ́ọ̀lù, kò sí ìranù, ibẹ̀ lorí mi á ti pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ mi kò tó bẹ́ẹ̀. Mọ́mì ti ń pè mí wá jẹun.

Ọmọ yín,
Àrìnpé.


Ìrágbìjí, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹfà.

Àrìnpé,

Ìníọlá ni. Kí lo kọ sí Màmá gan-an? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka lẹ́tà rẹ, wọn ò fi bírò pupa kàn án. Mo bi wọ́n pé ṣé kí n ya fọ́tò èsì, wọ́n ní èsì wo. Wọ́n ti yọ kọ́tìnnì olódòdó yẹn, wọ́n ká a sínú àpótí. Káfíńtà gbé bẹ́ẹ̀dì dé, wọ́n ní kó máa gbé e lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ẹ̀ sunkún, ó rò pé iṣẹ́ òun ni kò dáa.

Èmi ni wọ́n wá ń bá jà lórí gbogbo nǹkan. Lánàá, wọ́n ní mò ń mí sókè jù. Jọ̀ọ́, ohunkóhun tí o bá ṣe, tètè tún un ṣe.

Ìníọlá.


St. George.
Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà, 2024.

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, àga ni mo fi ṣe tábìlì.

Mo ti ka lẹ́tà tí mo kọ sí yín, torí mo bẹ Mọ́mì kí wọ́n wá fọ́tò rẹ̀ jáde. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ "Ìrágbìjí ni ìyà mi", ojú tì mí débi pé mo fi ìrọ̀rí bo orí. Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ ti kọ ọ́ sí mi pé nǹkan mìíràn ni Dádì sọ fún yín. Ẹ ti kọ ọ́ pé ẹ ti ra kọ́tìnnì, mi ò sì ro bó ṣe máa dùn yín. Ṣe ni mo ń sáré kọ ọ́ torí pé ìrẹsì ti ń tutù.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn yín. Mo fẹ́ràn yín gan-an ni. Mo rántí pé ẹ máa ń jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀kì ya àwòrán sára ògiri ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n ìhín ni Yunior wà, ìhín ni ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù wà, ọdún mẹ́fà sì ni mo fi wá ọ̀rẹ́ kan tó ń bá mi rẹ́rìn-ín tí kò fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá mú mi kúrò, mo tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ẹ̀yin kọ́.

A gbá bọ́ọ̀lù lánàá. Mo wàjà ní gbogbo ìgbà tí mo wọ pápá. Ní ìgbà ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jù ú tí mo ti ju kóńdó sókè, kóńdó sì lọ ṣẹ́ àga kan ní ahéré tí wọ́n ti ń ta omi. Ọlọ́mi ní kí n san owó àga. Brian ní ká má sọ ọ́ mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì. Ẹ tilẹ̀ bú mi. Ẹ fi bírò pupa bú mi.

Àrìnpé.


Òkè-Ọjà, Ìrágbìjí.
Ọjọ́ kẹtàlá oṣù Keje, 2024.

Àrìnpé,

Dìde nílẹ̀, kí orúnkún tìrẹ náà má baà dà bí tèmi.

Inú bí mi, n kò ní fi pamọ́. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àwọn kan nínú wọn a máa sunkún tí òbí wọn bá wá mú wọn kúrò lọ́dọ̀ mi. Ọmọ tí mo bí nínú ara mi wá sọ mí di abẹ́rẹ́ dókítà, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ó dùn mí gan-an. Mo wo yàrá aláwọ̀ ewé yẹn, mo wo ara mi, ojú tì mí bí ẹni tó múra òde tí wọn kò pè é. Ìwọ kọ́ ni mo ń bá jà. Òótọ́ lo sọ, bí kò tilẹ̀ dùn ún gbọ́. Ti bàbá rẹ, èmi àti òun ni. Má bi mí léèrè rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọlọ́mi tó ní kí o san owó àga yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo gbìyànjú títí, ẹ̀rín já mọ́ mi lẹ́nu. Mo wá tún lẹ́tà rẹ àkọ́kọ́ kà, níbi tí o ti ṣàlàyé eré yẹn, ọ̀rọ̀ kan sì sọ sí mi lọ́kàn.

Ibì kan wà nínú oríkì ilé yín tí a kì í kì lójú àlejò. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi fẹ́ kọ́ mi níbẹ̀, ó kọ́kọ́ lọ ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ní láyé àtijọ́, ogun dé. Gbogbo ọkùnrin dúró. Bàbá ńlá yín wo ogun, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rí i pé ṣòkòtò kẹ̀ǹbẹ̀ tí òun wọ̀ kò ní jẹ́ kí òun sáré dáadáa. Ló bá bọ́ ọ sílẹ̀. Ìhòòhò ló sá wálé! Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ìlú ti ń fi ilé yín ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá àgbà rẹ, bí mo bá ń kì í tí mo bá ti fẹ́ débẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Bàbá rẹ ò mọ̀ ọ́n dòní. Má sì ṣe wò mí, kì í ṣe bàbá ńlá tèmi, tiyín ni. Nílé tiwa, a dúró.

Wàyí o, eré tí ẹ ń ṣe lọ́hùn-ún, ṣebí ẹni tó bá sá wálé ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún? Mo rẹ́rìn-ín títí Ìníọlá fi sáré wá wò mí. Wọ́n ti dá eré sílẹ̀ fún bàbá wa ní Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un!

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà. N kò gé oríkì o. Ibẹ̀ yẹn nìkan ni mo mú:

Àrìnpé, ọmọ a-rógun-bọ́-ṣòkòtò.
Wọ́n ní kó dúró, ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbọ́.
Ó sá, ó sá, ó bá eruku wọlé.
Àwọn tó dúró ńkọ́? Wọn ò délé.
Ẹni tó délé ló bí wa.

Mo ti sọ ọ́ sínú fóònù Ìníọlá. Ó ní ó ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ dáadáa. Kí Brian lọ jókòó.

Ìyá rẹ àgbà.


St. George.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje, 2024.

MÀMÁ!

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú alẹ́, ẹ gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí n kò lè fara balẹ̀ kí yín bó ṣe yẹ!

Bàbá ńlá wa bọ́ ṣòkòtò! Mo ka ibẹ̀ yẹn nínú fẹ́rì, mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin kan fún mi lómi mu.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Titus ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó kàn gba ohùn yín ni, kò kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Nígbà tó kàn mí láti gbá bọ́ọ̀lù, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí gbogbo pápá gbọ́ rèé: "Ìníọlá, ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Ṣé kí n máa sọ ọ́? Sún un mọ́ mi lẹ́nu. Má gbọ̀n ọ́n. Ta ló so ewúrẹ́ yìí síbí? Ó dáa. Àrìn..." Ọ̀gbẹ́ni Titus gé e! Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ti pé! Ewúrẹ́ náà tilẹ̀ ráyè ké.

Màmá, àwọn ọmọ rò pé oríkì náà nìyẹn. Yunior ní kò sí orin tó dùn tó o. Gbogbo ẹgbẹ́ wa wá ń pariwo ní ohùn kan, "Iniola, se ki n maa so o!" Èmi ń rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù kọjá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wàjà.

Ìyá àgbà Yunior wà níbẹ̀. Orúkọ wọn ni Esperanza, ará Kúbà ni wọ́n, wọ́n sì máa ń kọrin òrìṣà ní èdè kan tó jọ tiwa ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n bi mí pé kí ni màmá yẹn fẹ́ sọ kí wọ́n tó gé e. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Nígbà tí mo dé "ẹni tó délé", tí mo pe ilé ní Yorùbá, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní ilé! Wọ́n ní àwọn náà ní ilé, ohun tí àwọn ń pe ibi tí àwọn ti ń jọ́sìn nìyẹn. Ni wọ́n bá dìde, wọ́n ti ọ̀pá wọn lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Titus, wọ́n fi ọ̀pá náà kan tábìlì rẹ̀, wọ́n ní kò sí ibi tí wọ́n ti ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lẹ́nu.

Nígbà tó tún kàn mí, Ọ̀gbẹ́ni Titus tẹ̀ ẹ́, kò sì gé e. Ohùn yín gba gbogbo pápá. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí mi kàn di bọ́ọ̀lù rẹ̀ mú, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tí wọ́n ń ka ẹsẹ Bíbélì kan fún. Tí ẹ bá ti dárúkọ ilé, Ìyá Esperanza á ké, "Ilé! Ilé!" Nígbà tí ẹ fi sọ pé ẹni tó délé ló bí wa, ara mi ò gan mọ́. Mo fẹ́ sáré ṣáá ni.

Mo gbá a! Kò lọ jìnnà, ó kàn yí gbirigbiri bí ọsàn tó bọ́ nínú igbá, ṣùgbọ́n mo ti lọ. Mo dé ibùdó kìíní. Yunior gbá tirẹ̀, mo kan ìkejì, mo ń lọ sí ìkẹta, bàtà mi kan yọ, mo fi í sílẹ̀! Bàbá bọ́ ṣòkòtò, èmi bọ́ bàtà. Brian na ọwọ́ méjèèjì, ó ń ké pé kí n dúró, kí n dúró níbi ìkẹta. Màmá, ẹsẹ̀ mi kò gbọ́. Mo fi àyà fà wọlé. Eruku wọ imú mi, ó wọ ẹnu mi, mo gbọ́ tí wọ́n ń ké pé mo ti dé. Mo ti dé!

Wọ́n na ẹgbẹ́ wa o, mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn, tèmi ni.

Ohun kan ló ń ká mi lára. Dádì ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa wá. Nígbà tí ohùn yín ń lọ lọ́wọ́ ni mo rí wọn lẹ́yìn ọgbà, wọ́n di wáyà rẹ̀ mú, wọ́n sorí kọ́. Wọn ò wọlé. Wọn ò pàtẹ́wọ́. Mo rò pé wọ́n ń bínú pé mò ń ṣeré nígbà tí ìdánwò ìṣirò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ ní kí n má bi yín léèrè, ṣùgbọ́n àyà ń já mi: ṣé mò ń bọ̀ lóṣù Kẹsàn-án ni àbí n kò bọ̀?

Ọmọ yín tó délé,
Àrìnpé.


Òkè-Ọjà, Ìrágbìjí.
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 2024.

Àrìnpé mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo kà á fún Ìníọlá, mo pe aládùúgbò, mo kà á fún òun náà. A jó díẹ̀. Ewúrẹ́ yẹn, ti aládùúgbò ni, inú rẹ̀ dùn pé ẹran òun ti sọ̀rọ̀ ní New York. Bá mi kí Ìyá Esperanza dáadáa. Sọ fún un pé mo ní ó káre láé.

Mo ti bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo ní, "Kúnmi, ọmọ ẹni kì í burú títí ká fà á fún ẹkùn pa jẹ. Ṣé èmi wá ni ẹkùn?"

Èsì ọ̀rọ̀ rẹ rèé. Bí o yege, bí o kò yege, n kò gbà ọ́ lóṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ ọmọ, kó wá ibòmíràn rán an lọ. Ilé mi kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Dúró ti ọ̀rẹ́ rẹ, dúró ti eré rẹ, kí o sì kọjú mọ́ ìṣirò yẹn, torí pé ọmọ tíṣà kan kò gbọdọ̀ gba márùndínlọ́gọ́ta mọ́ láé.

Mo fẹ́ ọ níbí, kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ọ gan-an, mo sì ní kí o má wá. Ó nira fún mi láti kọ, mo ti kọ ọ́ ná.

Ìyá rẹ àgbà,
Susan.


St. George.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹjọ, 2024.

Màmá mi,

Ẹ kúulé, ẹ kú ìfẹ́ wa. Mo gba méjìléláàádọ́rin nínú ìṣirò! Dádì ti ṣí búùtù ọkọ̀. Gémù ti jáde.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán lọ́jọ́sí, mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì mi pé n kò lọ mọ́. Mo fò lẹ́ẹ̀kejì, kò dùn tó ti àkọ́kọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, mo jókòó. Mo ń rò ó pé ẹ tún wà níbẹ̀ pẹ̀lú Ìníọlá àti etí rẹ̀ tó dí. Lánàá, mo lọ dúró de Dádì níbi tí fẹ́rì ti ń gúnlẹ̀. Bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ báyìí, mo ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ lọ kí Màmá ní Kérésì."

Wọ́n fọwọ́ kan iwájú orí mi. "Àrìnpé, what happened? Ta ló fìyà jẹ ẹ́?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó fìyà jẹ mí, sà. Mo kàn fẹ́ lọ ni."

Dádì wá ibì kan jókòó. Gbogbo èrò inú fẹ́rì ń kọjá lára wa. Wọ́n ní lọ́jọ́ bésíbọ́ọ̀lù yẹn, àwọn ò bínú rárá. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ohùn ìyá àwọn láti ojú títì, àwọn rò pé ọkàn àwọn ló ń tan àwọn jẹ. Nígbà tí àwọn fi dé ibi ọgbà tí àwọn gbọ́ "Àrìnpé", ẹkún gbọ̀n àwọn, àwọn ò sì lè wọlé kí ọ̀rẹ́ mi má baà rí àwọn. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́fà tí a ti kúrò nílé, àwọn ò tíì fojú kàn yín. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo sọ fún Màmá pé o fẹ́ lọ sílé, èmi ni mo fẹ́ lọ. I just couldn't say it. Àgbàlagbà bíi tèmi."

Mo fẹ́ bá wọn wí dáadáa nítorí irọ́ méjèèjì, èyí tí wọ́n pa fún yín pé èmi ni mo fẹ́ wá, àti èyí tí wọ́n pa fún mi pé ìyà ni. Ṣùgbọ́n àgbà ni Dádì, mi ò lè fìyà jẹ wọ́n. Mò ń mú wọn bọ̀ wá bá yín ní Kérésì.

Ọmọ yín,
Àrìnpé.